Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ìwé Orin Àtijọ́ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kọ̀ǹpútà Kékeré

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Wọn kò sọ pé inú ìrántí lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó síwájú ẹni tó ń sọ ọ́, kí ó sì máa wo ojú rẹ̀. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ fi hàn pé òwe yìí bá iṣẹ́ àdàkọ orin mu gan-an. Láti ayé àwọn tó ń fi gègé da orin kọ títí di òní tí a ń fi kọ̀ǹpútà ṣe é, ìbéèrè kan náà ló wà níwájú gbogbo adàkọ: níbo ni kí n gbé ìwé àkọ́kọ́ sí, kí ojú mi lè máa rí i bí ọwọ́ mi ti ń ṣiṣẹ́?

Ìbéèrè náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà fún mi. Kíláàsì SS2 ni mo wà, mo sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn akọrin ìjọ wa. Àpótí pákó kan wà ní yàrá akọrin tó kún fún orin Yorùbá tí àwọn akọrin àtijọ́ fi ọwọ́ ara wọn kọ. Ikán ti jẹ etí àwọn kan, òjò ti rin àwọn mìíràn, gbogbo wọn ló sì ti pọ́n bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn orin náà kò sí nínú ìwé orin títẹ̀ kankan. Bí bébà bá jẹrà, orin parí nìyẹn. Láti ọdún tó kọjá ni ọ̀gá akọrin wa ti gbé iṣẹ́ dídà wọ́n kọ sínú kọ̀ǹpútà lé mi lọ́wọ́. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí mo ní kò tóbi: ojú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 11.6 láti igun dé igun, ìwé orin méjì kò sì lè tẹ́ sórí rẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Iṣẹ́ yìí ló mú mi wádìí bí àwọn tó ṣáájú wa ti ṣe tiwọn.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ mẹ́nu bà ni Johann Sebastian Bach, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí a bí ní 1685. Kí ó tó pé ọmọ ọdún 10, ìyá àti bàbá rẹ̀ ti kú, ó sì lọ ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń tẹ dùrù ní ìlú Ohrdruf. Ẹ̀gbọ́n yìí ní ìwé kan tí orin àwọn ọ̀gá ńlá bíi Pachelbel àti Froberger wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbà kí àbúrò rẹ̀ fọwọ́ kàn án. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ rí bí àwọ̀n ló tì í mọ́. Àwa Yorùbá máa ń sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọwọ́ kékeré ọmọ náà wọ inú ihò ìlẹ̀kùn yẹn, ó ká ìwé náà, ó sì fà á jáde ní òru. Kò ní àtùpà, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ òṣùpá ló fi dà á kọ, iṣẹ́ náà sì gbà á ní oṣù mẹ́fà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀, ó gba àdàkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Bach wà lára àwọn tó kọ ìtàn yìí sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1754, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Àwọn olùkọ́ máa ń fi ìtàn yìí kọ́ wa ní ìforítì. Ohun mìíràn ni èmi rí nínú rẹ̀. Ọmọ náà kò ní iná, kò sì gba àṣẹ, síbẹ̀ kò sọ pé kí òun há orin náà sórí kí òun wá kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́sàn-án. Ó tẹ́ ìwé àkọ́kọ́ àti bébà tirẹ̀ sínú ìmọ́lẹ̀ kan náà. Ó mọ̀ pé ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ìdà kejì ìtàn náà tún wà lára iṣẹ́ Bach yìí kan náà. Ó ṣe àkójọ orin mẹ́fà fún ṣẹ́lò, èyí tí àwọn olórin káàkiri àgbáyé ń lò títí di òní. Ìwé tí òun fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ kọ ti sọnù. Ohun tó kù ni àdàkọ tí àwọn ẹlòmíràn ṣe, èyí tí ìyàwó rẹ̀, Anna Magdalena, kọ sì wà lára wọn. Nínú orin bẹ́ẹ̀, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń tẹ̀ bí ọrun lórí àwọn nọ́ọ̀tì láti fi han olórin iye nọ́ọ̀tì tí yóò fi ọ̀pá gùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn àdàkọ tó kù kò fẹnu kò lórí ibi tí ìlà wọ̀nyí ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí wọ́n parí sí. Ó ti lé ní 250 ọdún báyìí, àwọn tó ń ta ṣẹ́lò ṣì ń jiyàn lé e lórí. Kò sí ẹni tó lè dá ẹjọ́ náà, nítorí ẹlẹ́rìí tó yẹ kó sọ̀rọ̀ kò sí mọ́.

Báwo ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe kan àpótí pákó ní yàrá akọrin wa? Ọ̀nà tí a gbà kọ àwọn orin inú rẹ̀ ni yóò dáhùn. Kì í ṣe orí ìlà márùn-ún ni wọ́n kọ wọ́n sí bíi ti àwọn òyìnbó. Tonic sol-fa ni. Obìnrin olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Sarah Glover, ní ìlú Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló tẹ ìwé jáde lórí irú ọ̀nà yìí ní 1835. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan, John Curwen, tún un ṣe, ó sì tàn án kálẹ̀. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń kọ ọ́: d, r, m, f, s, l, t. Ìdí tó fi tàn kálẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ilé ìtẹ̀wé tó bá ní lẹ́tà lásán lè tẹ orin, ọmọ tó bá sì mọ ìwé kà lè kọ́ ọ kíákíá. Àwọn míṣọ́nnárì gbé e lọ sí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà. Ní gúúsù Áfíríkà, òun ni Enoch Sontonga lò ní 1897 láti kọ orin tó wá di ara orin orílẹ̀-èdè wọn lónìí.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn míṣọ́nnárì dé Badagry ní 1842, wọ́n sì fìdí iṣẹ́ wọn múlẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846. Wọ́n túmọ̀ orin òyìnbó sí èdè wa, wọ́n sì fi ohùn òyìnbó kọ ọ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló mọ bí olùkọ́ ṣe ń kọ́ wa ní àmì ohùn: dò, re, mí. Ohùn ìsàlẹ̀ ni dò, ohùn àárín ni re, ohùn òkè ni mí. Bí ohùn orin bá gòkè níbi tí ohùn ọ̀rọ̀ ti sọ̀kalẹ̀, ìtumọ̀ á yí padà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí: igba ni 200, igbá ni a fi ń bu omi, igbà ni a fi ń gun ọ̀pẹ, ìgbà ni àkókò, ìgbá sì ni ikàn tí a ń jẹ. Lẹ́tà wọn kò yàtọ̀. Ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa kò dákẹ́ lórí rẹ̀. Ní 1888, wọ́n dá Native Baptist Church sílẹ̀ ní Èkó, ní 1901 sì ni African Church náà tẹ̀ lé e, nítorí wọ́n fẹ́ darí ìjọ fúnra wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn olórin bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohùn tó bá èdè wa mu. Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, bàbá bàbá Fẹlá, kọ orin ẹ̀mí ní èdè Yorùbá sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Thomas King Ekundayo Phillips, ẹni tó jẹ́ ọ̀gá dùrù ní Cathedral Church of Christ ní Marina, Èkó, láti 1914 títí di 1962, tẹ ìwé kan jáde ní 1953 tó pè ní Yoruba Music. Ó ṣàlàyé nínú rẹ̀ bí ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣe yẹ kó máa darí ohùn orin. Abẹ́ irú òjìji yìí ni àwọn akọrin kéékèèké ní ìlú kéékèèké jókòó sí, tí wọ́n ń fi sol-fa kọ orin tiwọn sórí bébà. Ọmọ ìgbà yẹn ni àwọn ìwé inú àpótí wa.

Nígbà náà, ẹ jẹ́ kí a wo ojú ìwé kan fínnífínní. Lókè pátápátá, ẹni tó kọ ọ́ ti kọ ọ́ pé doh ni G. Lẹ́yìn náà ni ìlà mẹ́rin tò tẹ̀ léra, fún tírébù, áàtò, tẹ́nọ̀ àti báàsì, ọ̀rọ̀ orin sì wà lábẹ́ wọn. Àmì ìdádúró tó ní tótó méjì ló ya ìwọ̀n kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Dáàṣì kékeré ní kí a fa ohùn gùn. Ohun tó kéré jù lọ ni àmì tíńtín tó máa ń wà lẹ́sẹ̀ lẹ́tà tàbí lórí rẹ̀. Bí ó bá wà lẹ́sẹ̀ d, d ìsàlẹ̀ ni. Bí ó bá wà lórí rẹ̀, d òkè ni. Àmì yìí kò tóbi ju ẹsẹ̀ kòkòrò lọ.

Orin ọpẹ́ kan wà nínú àpótí náà tó ń dúpẹ́ fún ìgbà àti àsìkò. Ẹni tó kọ ọ́ fi d ìsàlẹ̀ méjì sí abẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ìgbà, kí ohùn méjèèjì lè wà nísàlẹ̀. Bí adàkọ kò bá rí àmì ẹsẹ̀ d kejì, ohùn á fò sókè, ìgbà á sì di ìgbá. Gbogbo ìjọ á wá máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ikàn. Ikàn dára lọ́bẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ẹni tó kọ orin ní lọ́kàn nìyẹn.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń to nǹkan sójú kọ̀ǹpútà fi ṣe pàtàkì. Òun náà ní ìtàn tirẹ̀. Nígbà tí Microsoft kọ́kọ́ gbé Windows jáde ní 1985, fèrèsé kan kò lè bo èkejì mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n ń wà, bí táìlì ilẹ̀. Ní 1987, ẹ̀dà kejì fàyè gbà á kí wọ́n máa gorí ara wọn, bí ìwé tó kún orí tábìlì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yọ̀ sí i. Ní 2009 ni Windows 7 tún mú un rọrùn láti fa fèrèsé kan sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó gba ìdajì ojú kọ̀ǹpútà, kí òmíràn gba ìdajì tó kù. Ìgbà tí ohun kan bá gorí èkejì, ẹni tó ń dà nǹkan kọ kò rí ìwé rẹ̀ mọ́. Ohun tó rántí ló ń kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré ló fi gbójú kúrò.

Lórí kọ̀ǹpútà ńlá, ìdajì sí ìdajì dára. Lórí tèmi, ọ̀rọ̀ ìṣirò ni. Ojú rẹ̀ ní ẹyọ àmì 1366 ní ìbú àti 768 ní òró. Bí mo bá pín in sí ọ̀tún àti òsì, 683 ló kan ìkọ̀ọ̀kan. Ìlà sol-fa gùn ní ìbú, kò sì ga. Bí a bá fún un pọ̀ sínú 683, àmì ẹsẹ̀ d á pòórá. Nítorí náà, òkè àti ìsàlẹ̀ ni mo pín in sí. Mo ya fọ́tò ojú ìwé náà nínú ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀, mo gé e sí ìlà kọ̀ọ̀kan, mo sì tẹ́ ìlà kan ṣoṣo sókè, kí ó gba 256 nínú 768. 512 tó kù nísàlẹ̀ ni ti MuseScore, ètò ìkọ orin tí a kì í sanwó lé lórí. Mo fi bọ́tìnnì F9 àti F8 pa àwọn àpótí irinṣẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́, mo sì yàn án kí orin máa lọ gbọọrọ lórí ìlà kan dípò kí ó máa ṣẹ́ sí ojú ewé. Lẹ́tà A dé G ni mo fi ń tẹ nọ́ọ̀tì wọlé. Nítorí pé gígé fọ́tò ti gé ọ̀rọ̀ nípa doh kúrò, mo máa ń kọ ọ́ sórí bébà kékeré kan, pé d ni G, r ni A, m ni B, títí dé òpin, n ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí kọ̀ǹpútà.

Ẹnìkan lè bèèrè pé, nínú méjèèjì, èwo ló yẹ kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi jù? Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní èyí tí a ń kọ ni. Èmi gbà pé ìwé àtijọ́ ni. Ohun tí mo bá tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, mo lè ní kí ó kọ ọ́ létí mi. Bébà kò lè fọhùn. Ojú nìkan ni a fi lè gbọ́rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí a fún un láyè tó tó. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n àgbà tí a fi aṣọ bò mọ́lẹ̀ kò lè rí orí ọmọ kankan.

Àgbà tòótọ́ náà sì wà. Nínú orin Ìkórè kan, ikán ti jẹ ihò sí ìlà tẹ́nọ̀, ìwọ̀n mẹ́rin ló sì bá a lọ. Nínú gbogbo àwọn tó kọ orin náà nígbà èwe wọn, ẹnìkan ṣoṣo ló kù tó lè wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá Tẹ́nọ̀ ni gbogbo wa ń pè wọ́n, wọ́n sì ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Mo gbé kọ̀ǹpútà náà lọ bá wọn nílé.

Mo ní, "Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀wọ́, sà, kí ni tẹ́nọ̀ máa ń kọ níbí?"

Wọ́n ní, "Gbé e sún mọ́ mi, ọmọ mi. N kò lè kọ ohun tí n kò rí."

Mo mú ìlà náà tóbi sí i. Wọ́n fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń kọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tí ìka wọn dé etí ihò náà, ohùn wọn kò dúró. Ó kọjá lórí ihò, ó sì bọ́ sórí lẹ́tà tó wà ní òdìkejì rẹ́gí. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un kọ lẹ́ẹ̀mejì sí i, kò sì yàtọ̀.

Mo tẹ nọ́ọ̀tì wọ̀nyẹn wọlé, ṣùgbọ́n àwọ̀ pupa ni mo fún wọn, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹnu Bàbá Tẹ́nọ̀ ni wọ́n ti wá, wọn kò sí nínú ìwé. Nígbà tí ọ̀gá akọrin wa rí i, wọ́n ní ṣé kò ní da ojú ìwé rú, ṣebí orin náà ti pé. Mo ṣàlàyé fún wọn pé bí àdàkọ mìíràn bá jáde láti inú àpótí ẹlòmíràn lọ́la, ẹni tó bá ń wò ó gbọ́dọ̀ mọ èyí tí bébà sọ yàtọ̀ sí èyí tí ènìyàn sọ. Òtítọ́ ni méjèèjì lè jẹ́, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí méjì ni wọ́n. Wọ́n rò ó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ kan kù. Àwọn kan rò pé bí orin bá ti wọ kọ̀ǹpútà, a lè da bébà nù. Ìtàn kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Finale, ọ̀kan nínú àwọn ètò ìkọ orin tó lókìkí jù lọ, jáde ní 1988. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, àwọn tó ni ín kéde pé àwọn kò ní ṣe é síwájú mọ́. Àwọn tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ orin sínú rẹ̀ ní láti máa wá ọ̀nà kó orin wọn jáde. Ìdí nìyí tí mo fi ń pa iṣẹ́ mi mọ́ ní ọ̀nà mẹ́ta: fáìlì MuseScore, fáìlì MusicXML tí onírúurú ètò ìkọ orin lè ṣí, àti PDF tí a lè tẹ̀ sórí bébà. Fọ́tò ìwé àkọ́kọ́ wà pẹ̀lú wọn nínú fódà kan náà, bébà fúnra rẹ̀ sì wà nínú ike tí ikán kò lè jẹ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, kò dìgbà tí a bá ní kọ̀ǹpútà ńlá kí a tó ṣe iṣẹ́ ìtàn. Fóònù tó lè ya fọ́tò dáadáa tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a máa ka sol-fa ní kíláàsì, nítorí àwọn tó lè kà á ń dín kù lójoojúmọ́. Ẹ̀yin òbí wa, kí ẹ tó sun ìdì bébà tó wà lábẹ́ ibùsùn ìyá àgbà, ẹ tú u wò ná. Orin mẹ́tàdínlógún ni mo ti dà kọ. Ó kù mọ́kànlélógójì nínú àpótí, Bàbá Tẹ́nọ̀ sì ti ní kí n máa gbé kọ̀ǹpútà náà wá ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, nígbà tí ojú àwọn ṣì ń ríran.